Oṣù Mẹ́ta Tí A Kì Í Sọ: Ìtàn Oyún Tuntun ní Ìwọ̀ Oòrùn Èkìtì

1/
Ẹ fìdí balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ ọmọ Ìjerò, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n, Òkèmẹ̀sí tàbí Ìkọ̀gòsì, ó dájú pé ẹ ti gbọ́ ọ rí: "Má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o. Jẹ́ kó yọ fúnra rẹ̀." Oyún ni wọ́n ń sọ. Mo fẹ́ sọ ìtàn ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, àti ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wa lónìí.

2/
Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nǹkan oṣù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò wá. Ìjerò ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé nígbà náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ọkọ rẹ̀. Ó ń bì, òórùn epo gbígbóná ń lé e jáde ní kíṣìnì, ó ń sùn lọ́sàn-án bí ẹni tó ti oko dé.

3/
Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kan, ó ní ara òun kò yá. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò bi í pé, "Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?" Ó kàn ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. Ó di oògùn oríṣi mẹ́rin sínú ọ̀rá fún un. Ẹ̀gbọ́n mi náà kò sì sọ pé òun lóyún. Wọ́n ṣáà ti ní kò gbọdọ̀ sọ.

4/
Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Alẹ́ ni. Kò ní káàdì ní ilé ìwòsàn kankan, kò mọ nọ́ńbà nọ́ọ̀sì kankan. Oyún náà wálẹ̀. Nígbà tí màmá wa àgbà gbọ́ ní Arámọkọ, wọ́n sunkún, wọ́n ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún wa?" Ẹ̀gbọ́n mi dá wọn lóhùn pé, "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé kí n má sọ."

Kò sẹ́ni tó tún lè sọ̀rọ̀.

5/
Kí n tètè là á yé yín: kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn yẹn ló ba oyún náà jẹ́. Máa padà sórí ìyẹn. Ohun tó ń dun ẹ̀gbọ́n mi títí di òní ni pé òun nìkan ló kojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ ń wá ìtàn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yìí kiri.

6/
Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé àwọn ìyá wa àtijọ́ kò mọ̀ nípa oyún títí tó fi máa yọ ni? Rárá o. Wọ́n mọ̀ dáadáa. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú orúkọ àmútọ̀runwá wa.

Ìlọ̀rí: ọmọ tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan oṣù kọ́kọ́ wá.
Ọmọ́pẹ́: ọmọ tó pẹ́ nínú ju bó ṣe yẹ lọ.

7/
Ẹ rò ó wò. Báwo lẹ ṣe máa sọ ọmọ ní Ìlọ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò bá ń fojú sí nǹkan oṣù obìnrin? Báwo lẹ ṣe máa sọ ọmọ ní Ọmọ́pẹ́ tí ẹ kò bá ka oṣù láti ìbẹ̀rẹ̀? Orúkọ méjèèjì yìí ń sọ fún wa pé ẹnìkan wà nínú agbo ilé tó ń kà á.

8/
Àlùfáà Samuel Johnson kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tó parí ní 1897. Ẹ sì wo bí ó ṣe kan agbègbè wa: Johnson yìí wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ bọ̀ láàárín àwọn ibùdó ogun Kírìjí, lẹ́bàá Òkèmẹ̀sí wa níbí, títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀ Obadiah, tó jẹ́ dókítà ìṣègùn, ló ṣiṣẹ́ lórí ìwé náà, èyí tó jáde ní 1921.

9/
Kíkà náà kò sì kéré. Láti ìgbà tí òṣùpá tuntun bá yọ títí dé èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọjọ́ 29 àti ààbọ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́sàn-án, ó di nǹkan bí ọjọ́ 266. Ẹ bi dókítà léèrè pé ọjọ́ mélòó ni ó sábà máa ń jẹ́ láti ìgbà tí oyún dúró títí di ìbí. Yóò sọ fún yín pé nǹkan bí 266. "Oṣù mẹ́sàn-án" tí màmá àgbà ń sọ, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

10/
Ọjọ́ 280, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 40, ni ilé ìwòsàn ń kà, nítorí pé ọjọ́ tí nǹkan oṣù tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kà. Dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Naegele ló jẹ́ kí ìṣirò yìí gbajúmọ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, tí nọ́ọ̀sì bá sọ pé oyún yín jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ẹ̀yin sì mọ̀ pé kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, ẹ má bá a jà. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ tọ̀nà.

11/
Ó dáa. Tí wọ́n bá mọ̀, kí ló dé tí wọn kì í sọ?

Nítorí pé oyún tuntun máa ń wálẹ̀. Kódà lónìí, nínú oyún mẹ́wàá tí obìnrin mọ̀ pé òun ní, ọ̀kan sí méjì ló máa ń bàjẹ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ta ló fẹ́ kí gbogbo ọjà bá òun yọ̀ lónìí, kí gbogbo ọjà sì tún wá bá òun kẹ́dùn lọ́la?

12/
Wọ́n tún bẹ̀rù ayé. Ìdí nìyẹn tí aboyún kì í fi í rìn lọ́sàn-án gangan tàbí lóru, tí wọ́n fi máa ń fi píìnì há aṣọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lọ bá babaláwo tàbí oníṣègùn pé kó bá wọn de oyún, kó má bàa wálẹ̀. Ẹ tiẹ̀ wo bí a ṣe ń kí ìyá ọmọ tuntun: "Ẹ kú ewu ọmọ." Ewu la kọ́kọ́ dárúkọ, kí a tó dárúkọ ọmọ.

13/
Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀ rèé. Nínú agbo ilé àtijọ́, wọn kì í sọ, àmọ́ wọ́n mọ̀. Ìyá ọkọ rí i pé ìyàwó ń tutọ́ ṣáá. Orogún àgbà rí i pé ó ń sá fún ọbẹ̀ tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó la ẹnu, ṣùgbọ́n wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀ bó ṣe ń ti oko bọ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ lóru, àgbà obìnrin mẹ́ta ti jí kó tó pariwo.

14/
Àwa wá jogún "má sọ" yẹn sínú yàrá kan àti pálọ̀. Agbo ilé ti lọ, àgbà obìnrin mẹ́ta ti lọ. "Má sọ" nìkan ló kù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

15/
Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú nínú ìtàn. Ní 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà, lábẹ́ wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ó sì tàn wọ Èkìtì. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè di ọ̀kan lára ibi tó ti múlẹ̀ jù, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin wòlíì sí nígbà tó kú ní 1959. Wòlíì kò fẹ́ oògùn, ìbáà jẹ́ àgbo, ìbáà jẹ́ ti òyìnbó. Àdúrà àti omi ni.

16/
Ohun yòówù kí ẹ rò nípa ọ̀rọ̀ oògùn yẹn, ilé àdúrà ṣe nǹkan kan fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún: ó fún un ní ẹni tó lè sọ fún. Ó lè sọ fún ìyá ìjọ kí ó tó sọ fún ìyá ọkọ. Títí di òní, ọ̀pọ̀ obìnrin lágbègbè wa, pásítọ̀ wọn ló kọ́kọ́ ń gbọ́, nọ́ọ̀sì ló ń gbọ́ kẹ́yìn.

17/
Ilé ìwòsàn ńkọ́? Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Wesley Guild ní Iléṣà. Àwọn Áńgílíkà ní èyí tó wà ní Adó, orúkọ tí wọ́n fún un sì dùn mọ́ mi nínú: Ilé Àbíyè. Kí á bí i, kó sì yè. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu.

18/
Ní 1929, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò kan jáde nípa ìgbà tó yẹ kí aboyún máa lọ fún àyẹ̀wò. Ìgbà àkọ́kọ́: ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ 24, ọ̀sẹ̀ 28, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí dé 36, lẹ́yìn náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ètò yìí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún! Oṣù kẹrin nìyẹn.

19/
Ṣé ẹ rí i? Màmá àgbà ní, "Jẹ́ kó yọ kí o tó sọ." Ìwé òyìnbó náà ní, "Wá nígbà tó bá di oṣù kẹrin." Àwọn méjèèjì kò pàdé rí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Bí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe di ilẹ̀ tí kò lólúwa nìyẹn.

20/
Ẹ̀gbẹ́ wa níbí tiẹ̀ ti fún gbogbo ayé ní ẹ̀kọ́ kan rí. Láti nǹkan bí 1957, dókítà David Morley láti Wesley Guild bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tó múlé gbe Òkèmẹ̀sí. Wọ́n ń wọn àwọn ọmọdé, wọ́n ń fa ìlà ìwọ̀n wọn sórí káàdì, ọwọ́ ìyá ni káàdì náà sì ń gbé, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Irú káàdì yẹn tàn káyé. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ní tiyín nínú àpótí màmá yín. Àmọ́ ọjọ́ ìbí ni ìlà orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

21/
Ní àkókò kan náà, ayé ń wá bí obìnrin ṣe lè tètè mọ̀. Íjíbítì àtijọ́: obìnrin á tọ̀ sórí àlìkámà àti ọkà bálì, tó bá hù, ó lóyún. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn onímọ̀ dán an wò ní 1963, ó tọ̀nà ní nǹkan bí ìgbà 7 nínú 10.) Jámánì ní 1928: wọ́n ń gún ìtọ̀ obìnrin sára eku. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀lọ́ láti Gúúsù Áfíríkà: tó bá yé ẹyin, oyún wà.

22/
Ní 1967, ọ̀dọ́bìnrin ayàwòrán kan ní Amẹ́ríkà, Margaret Crane, rí àwọn ìgò àyẹ̀wò oyún ní iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́. Ó ní, kí ló dé tí obìnrin kò lè ṣe èyí fúnra rẹ̀ nílé? Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀. Ní 1971 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Canada. Lónìí, ẹ lè ra tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní Arámọkọ, kí ẹ sì mọ̀ kí ẹ tó jẹun àárọ̀.

Àwa la tètè ń mọ̀ jù nínú gbogbo ìran wa. Àwa la tún wá ń dá a gbé jù.

23/
Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú oṣù mẹ́ta yẹn? Ní 1957, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn kan tó ń jẹ́ thalidomide ní Jámánì. Àwọn aboyún ń lò ó fún èébì àárọ̀. Wọ́n ní kò léwu rárá. Kó tó di pé wọ́n kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀ ní ìparí 1961, ó ti ju 10,000 ọmọ lọ káàkiri ayé tí wọ́n bí pẹ̀lú apá tàbí ẹsẹ̀ tí kò gùn tó, àti àbùkù ara mìíràn.

24/
Ìgbà wo ni oògùn yẹn ń ṣe ọṣẹ́? Nǹkan bí ọjọ́ 34 sí 50 láti ìgbà tí nǹkan oṣù tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin ṣì ń sọ pé, "Bóyá ibà ni." Ìgbà yẹn ni ọwọ́, ẹsẹ̀, ọkàn àti ojú ọmọ ń yọ. Látìgbà yẹn ni ayé ti mọ̀ pé kò sí "oògùn kékeré" fún aboyún.

25/
Ìtàn tó dùn jù ìyẹn lọ rèé. Ní nǹkan bí 1930, dókítà obìnrin kan, Lucy Wills, wà ní Bombay ní Íńdíà, ó ń tọ́jú àwọn aboyún tí ẹ̀jẹ̀ wọn gbẹ. Ó rí i pé nǹkan kan wà nínú oúnjẹ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ wọn padà. Nígbà tó yá, wọ́n rí nǹkan náà nínú ewé ẹ̀fọ́, wọ́n pè é ní folic acid. Ọ̀rọ̀ Látìn fún ewé ni wọ́n mú orúkọ yẹn láti inú rẹ̀.

26/
Ní 1991, ìwádìí ńlá kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé àwọn obìnrin tó ti bí ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò padé rí, tí wọ́n bá ń lo folic acid kí oyún tó dúró àti ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ewu pé kó tún ṣẹlẹ̀ dín kù ní 72%. Ibi tí ń di ọ̀pá ẹ̀yìn yẹn sì ti ń padé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹni tó bá dúró de oṣù kẹrin ti pẹ́ jù fún èyí. Nítorí náà, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà o, ṣùgbọ́n ẹ lo oògùn kékeré yẹn pẹ̀lú. Ó sàn kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí oyún tó dé.

27/
Ohun tí ẹ lè máa retí, ní ṣókí:

Ọ̀sẹ̀ 4–5: nǹkan oṣù kò wá, ọmú ń ro yín, àárẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ 6–9: èébì tàbí kí inú máa rìn yín, itọ́ ń dà, òórùn ń dà yín láàmú, ẹ ń tọ̀ léraléra. Kì í ṣe àárọ̀ nìkan.
Ọ̀sẹ̀ 12–16: fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́.

Ẹlòmíràn kì í bì rárá. Ìyẹn náà dáa.

28/
Ẹ máa jẹun díẹ̀díẹ̀, ẹ máa mu omi. Ẹ yẹra fún ọtí, títí kan àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ. Ẹ sùn nínú àpò ẹ̀fọn, nítorí ibà máa ń ṣe aboyún bí ọṣẹ́. Tí ara bá gbóná, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó lo oògùn ibà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ta oògùn fún yín ni: "Mo lóyún," tàbí "Ó ṣeé ṣe kí n lóyún."

29/
Ẹ má dúró di àárọ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ tí:
– inú bá ń dùn yín gan-an, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ kan
– ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ
– òòyì bá ń kọ́ yín tàbí ẹ dákú, tàbí orí èjìká ń dùn yín láìnídìí
– omi pàápàá kò dúró nínú yín mọ́

Oyún lè dúró síbi tí kì í ṣe inú ilé ọmọ. Ìyẹn lè pa èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀.

30/
Ẹ jẹ́ kí n mú ìlérí mi ṣẹ. Tí oyún bá wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ju ìdajì lọ nínú wọn tó jẹ́ pé ohun tí ọmọ gbà lára bàbá àti ìyá kò pé, tàbí ó pọ̀ jù, láti ọjọ́ tí oyún ti dúró. Kì í ṣe pé ẹ gbé korobá omi. Kì í ṣe pé ẹ rìn lọ́sàn-án. Kì í ṣe pé ẹ bá ọkọ yín jà. Ẹ̀gbọ́n mi lo ọdún kan gbáko kó tó gba èyí gbọ́.

31/
Láti 2016, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera ní ó kéré tán ìgbà mẹ́jọ, kí àkọ́kọ́ sì wáyé kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 12. Ìwé ti yí padà. Ó kù sí ọwọ́ àwa àti màmá àgbà.

32/
Mi ò ní kí ẹ gbé e sórí status o! Ẹ pa á mọ́ fún ẹnu ayé tó bá wù yín. Àmọ́ ẹ wá ẹni mẹ́ta: ẹnìkan nínú ilé, àgbà obìnrin kan tó lè jí lóru, àti nọ́ọ̀sì kan. Agbo ilé kékeré tiyín nìyẹn.

33/
Ẹ̀gbọ́n mi tún lóyún lẹ́yìn ọdún méjì. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ló pe màmá àgbà. Wọn ò pariwo. Wọ́n wọ mọ́tò láti Arámọkọ lọ sí Ìjerò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi píìnì há etí aṣọ rẹ̀, wọ́n sì bá a jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìwòsàn títí wọ́n fi pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè pé ìgbà wo ló rí nǹkan oṣù kẹ́yìn, màmá àgbà ló dáhùn. Wọ́n ti ka òṣùpá.

Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí. Ẹ bá mi pín in dé ọ̀dọ̀ ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá lóṣù yìí, tí kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.